Èlé ga l'Ámẹ́ríkà, búrẹ́dì wọ́n l'Áyọ̀bọ̀

Bí oníbàárà bá dé ìdí àtẹ búrẹ́dì ní Ayọ̀bọ̀, tó gbọ́ iye tí wọ́n pè é, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì yìí, ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run!" Ìyá oníbúrẹ́dì á ní bẹ́kárì ló fowó lé e. Bẹ́kárì á ní fúláwà ni. Oní-fúláwà á ní dọ́là ni. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ máa ń parí sí, kálukú á pòṣé, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe dọ́là gan-an?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà ní Nàìjíríà ló ń ti òkè òkun wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Òwú, síìpù àti abẹ́rẹ́ télọ̀ ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn gbà wọlé. Epo rọ̀bì là ń tà jù láti rí dọ́là ọ̀hún. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn tún wà. Àwọn olówó ìlú òyìnbó a máa kó dọ́là wá, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí náírà, wọ́n á fi ra ìwé gbèsè ìjọba wa nítorí èlé gọbọi tó wà lórí rẹ̀. Tí owó yẹn bá wọlé, náírà á rí èémí mí. Kò burú. Ṣùgbọ́n owó àlejò ni, ìgbà tó bá wù ú ló ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

L'óṣù kẹta ọdún 2022, báńkì àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún èlé tiwọn kí ọ̀wọ́n ọjà lè rọlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀, nígbà tó fi di oṣù keje 2023, ó ti lé ní 5 nínú 100. Olówó wo ló máa wá forí ti wàhálà Nàìjíríà nígbà tí ilé náà ń san èlé? Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló jẹ̀bi o. Epo tí wọ́n ń jí wà ńbẹ̀, bí wọ́n ṣe so náírà mọ́lẹ̀ ní báńkì nígbà tó ti wó níta náà wà ńbẹ̀. Dọ́là wọ́n débi pé Emirates kò fò wá sí Nàìjíríà mọ́ l'ọ́dún 2022 torí owó wọn tó há síbí. Ọdún 2024 ni wọ́n tó padà. L'ọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà 2023, CBN tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦470 ní báńkì, kí oṣù kejì 2024 tó tán, ó ti kọjá ₦1,500. Àwọn àgbà tí SFEM ayé Babangida bá l'ọ́dún 1986 ti mọ bó ṣe ń dùn.

Owó àkọ́kọ́ tí oníbúrẹ́dì àti télọ̀ san nìyẹn. Ìkejì ló dunni jù. Kí ọ̀wọ́n ọjà lè rọlẹ̀, kí àwọn àlejò sì lè padà wá, CBN náà gbé èlé tiwa sókè: 11.5 nínú 100 níbẹ̀rẹ̀ 2022, 27.5 l'óṣù kọkànlá 2024. Oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọ́n tó bù ú kù díẹ̀ sí 27. Lóòótọ́, àwọn olówó òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ṣùgbọ́n orí èlé CBN yìí làwọn báńkì yòókù ń gbé tiwọn lé. Télọ̀ tó fẹ́ yáwó ra máṣíìnì tàbí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi ń pe òyìnbó wọlé ni wọ́n fi ń lé e jáde. Òwú wọ́n mọ́ ọn lọ́wọ́, owó tí ì bá fi ra òwú náà tún wọ́n. Èyí ò tọ́ rárá.

Owó òkè òkun kan yàtọ̀ ṣá. Ọmọ tó ń fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ láti London kì í bèèrè èlé. Báńkì Àgbáyé ṣírò irú owó bẹ́ẹ̀ tó wọ Nàìjíríà l'ọ́dún 2023 sí bílíọ̀nù 19 dọ́là ó lé. Nígbà tí náírà wó, pọ́n-ùn yẹn di náírà rẹpẹtẹ lọ́wọ́ ìyá, àmọ́ gárì àti búrẹ́dì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ní báyìí, bí ẹni tó ń yáni lówó bá wá bá yín ní ìsọ̀, tó ní èlé òun ò ju 5 nínú 100 lọ, ẹ bi í pé, lóṣù ni àbí lọ́dún? 5 lóṣù, 60 ni lọ́dún o! Ẹ tún bi í bóyá èlé náà ń dínkù bí ẹ ṣe ń san án, àbí orí gbogbo owó tẹ́ ẹ yá lọ́jọ́ kìíní ló ń kà á lé títí dópin. Kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.