Ẹ Gbọ́ Ìtàn Jennifer Kí Ẹ Tó Yọ Ọmọ Kúrò Nílé-Ìwé

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọwọ́ ìyá kan tó ń ta epo. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, mọ bọ́ọ̀lù gbá débi pé ọkùnrin kan ò jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́ nílé. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n yọ ọmọ kúrò nílé-ìwé, òun á gbé e lọ sókè òkun, owó á sì máa wọlé. Ìyá ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Èmi ò mọ ọmọ náà, n ò sì mọ ọkùnrin ọ̀hún. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jennifer Capriati. Tẹníìsì ni tiẹ̀, eré tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kọjá lórí àwọ̀n.

Ọdún 1976 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, Stefano, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló ń kọ́ ọ láti kékeré. Ní oṣù kẹta ọdún 1990, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 14, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tẹníìsì gbowó láàrin àwọn àgbà. Kó tiẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, iléeṣẹ́ aṣọ eré àti iléeṣẹ́ tó ń ṣe ráákẹ́ẹ̀tì ti bá a tọwọ́ bọ̀wé olówó gọbọi. Ẹ sáà wò ó o! Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí ṣì ń pọnmi, mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń dá lé e lórí.

Ọmọ náà kò sì dójú tì wọ́n. Ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ó dé àṣekágbá kí Gabriela Sabatini tó borí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ní Paris, ó wà lára àwọn mẹ́rin tó kù. Nígbà tó di 1991, ní Wimbledon nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó na Martina Navratilova, ẹni tó ti gba ife ibẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Lọ́dún 1992 ní Òlíńpíìkì Barcelona, ó na Steffi Graf, ó gba góòlù. Ọmọ ọdún 16 ni o!

Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ta ló wá fẹ́ béèrè bóyá ó rẹ ọmọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́ rí, ẹ mọ̀ ọ́n: bí ọ̀gá bá gbé ẹrù àgbà lé ọmọ iṣẹ́ lórí, ó lè rù ú lónìí, kó tún rù ú lọ́la, ọrùn ni yóò sọ tó bá yá. Bí Jennifer bá borí, wọ́n á ní kò burú, ṣebí ohun tí wọ́n sanwó fún nìyẹn. Bó bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní kí ló ń ṣe é.

Ní 1993, Leila Meskhi lé e jáde ní New York níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an níbẹ̀. Jennifer gbé ráákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 1994, ọlọ́pàá ká igbó mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ilé ìtura kan ní Florida. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń pè é ní ọmọ àtàtà, àwọn náà ló gbé àwòrán tí ọlọ́pàá yà kiri ayé. (Iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn, n ò lè purọ́.) Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Wọ́n gbé e lọ síbi ìtọ́jú.

Nígbà tó padà wá ní 1996, àwọn tí kò tó o rí ló ń nà án. Ọdún 1999 ló tó tún gba ife kan, ní Strasbourg. Ẹni tó bá ti gbé ìsọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí gbèsè lé e kúrò lọ́jà mọ irú ojú tí wọ́n fi ń woni. Àfi bó ṣe di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ní Melbourne, tó na Martina Hingis tó jẹ́ nọ́ńbà wáànù àgbáyé! Lọ́dún náà ní Paris, Kim Clijsters fi 6–1 lù ú ní abala kìn-ín-ní. Ó gba ìkejì, ìkẹta sì lọ títí, 12–10, kó tó di tiẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, òun náà di nọ́ńbà wáànù. Ní 2002, Hingis ku ọ̀mì kan ṣoṣo kó rẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, Jennifer sì yọ. Ìgbà tó di 2004, èjìká rẹ̀ dá a dúró pátápátá.

Ẹ má bá mi bú bàbá rẹ̀ o. Òun náà ló ń kọ́ ọ nígbà tó gba ife ti 2001. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ tẹníìsì obìnrin kò dákẹ́. Láti 1995, ọmọ tí kò bá tíì pé 18, wọ́n ń ka iye ìdíje tó lè gbá fún un lọ́dún. Bàbá Venus àti Serena Williams tiẹ̀ ti yọ àwọn ọmọ tiẹ̀ kúrò nínú ìdíje àwọn ọmọdé kí òfin yẹn tó dé. Ẹ sì mọ ibi táwọn yẹn dé.

Ìyá wa elépo, ọkùnrin yẹn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ló rán an? Ìwé dà? Orúkọ ta ló máa wà lórí owó náà? Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ò lè dúró de agogo ìparí ilé-ìwé? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ta epo yín, ẹ má dá a lóhùn. Lẹ́tà yín kún ojú ewé mẹ́ta, ṣùgbọ́n mo wá a títí, n ò rí ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wí. Ẹ bi í lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi.