Ìró tí etí ò gbọ́ lè bá wa wá òjé inú kànga Àkókó

Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, bátìrì wà káàkiri: ti ọkọ̀, ti ọ̀kadà, ti inverter, ti sólà. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń tú òkú bátìrì, tí wọ́n ń da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, òjé lè bá omi òjò dé inú kànga. Lóòótọ́, omi ò lọ́tàá, àmọ́ òjé inú omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò ní òórùn, kò yí àwọ̀ omi padà, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Lọ́dún 2010, òjé pa ọmọ tó ju 400 lọ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, láwọn abúlé tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù.

Èrò tèmi ni pé ká má dúró de ẹnikẹ́ni kó wá bá wa yẹ omi wa wò.

Ọ̀nà kan wà. Wọ́n á ki ẹlẹ́kítíródù bọ inú omi, wọ́n á fi iná díẹ̀ sí i, òjé inú omi á wá lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tí wọ́n bá yí iná yẹn padà, òjé á tún bọ́ kúrò. Bí iná tó jáde nígbà tó ń bọ́ ṣe pọ̀ tó la fi ń mọ iye òjé tó wà níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdọ̀tí omi, ọṣẹ àti epo lè bo ojú ẹlẹ́kítíródù, kó wá máa parọ́ fún wa.

Ibẹ̀ ni ìró àìgbọ́ ti wúlò. Irú ìró tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún ni, àmọ́ eléyìí lágbára jù ú lọ. Ó ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó ń dá àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké sílẹ̀ bíi ti ìfófó ọṣẹ. Èyí tó bá fọ́ nítòsí ẹlẹ́kítíródù á ta omi lu ojú rẹ̀, pẹ̀lú eré tó lè ju mítà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdọ̀tí á ṣí kúrò, omi tuntun á sì máa gbé òjé wá.

Kì í ṣe àlá. Moriguchi ti fi ìró yìí sí iṣẹ́ iná nínú omi ní Japan lọ́dún 1934. Lọ́dún 1998, àwọn ẹgbẹ́ Richard Compton ní Oxford fi wá òjé nínú wáìnì. Lọ́dún 1999, wọ́n fi wá bàbà nínú bíà. Tó bá ṣiṣẹ́ nínú bíà, ṣé omi kànga ló máa wá ṣòro?

Ẹnì kan á ní irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, àti pé ìró tó bá le jù á dá ojú ẹlẹ́kítíródù lu. Òótọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ àwọn kan nínú àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti ní abọ́ kékeré tó ń fi ìró yìí fọ bọ́ọ̀dù. Kò lágbára tó ti Oxford, ṣùgbọ́n ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa yí bí ẹlẹ́kítíródù ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀ abọ́ padà, ẹ máa ka ìṣẹ́jú, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀.

Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà ní Àkùngbá, láàárín ìlú méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka kẹ́mísírì níbẹ̀, ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ẹ bu omi kànga tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣájì bátìrì, ẹ bu ti ibi tó jìnnà, kẹ́ ẹ fi wé òdiwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé: máíkrógíráàmù 10 nínú lítà kan, ìyẹn gíráàmù òjé kan ṣoṣo nínú 100,000 lítà omi. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ èsì rẹ̀ fáwọn tó ń mu omi náà, ní èdè tí wọ́n gbọ́.