Ìwé tí Brian Epstein fọwọ́ sí ti di ọjà olówó ńlá: kí ni olùrà ń rà gan-an?

Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ Brian Epstein mu, ọmọ bíbí ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ alákòóso ẹgbẹ́ olórin Beatles. Ọdún 1967 ló kú ní ẹni ọdún 32, ṣùgbọ́n ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ ní ìlú náà, nítòsí ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ta àwo orin. Kí ère tó dé rárá ni àwọn tó ń kó ohun ìrántí olókìkí jọ ti ń náwó gọbọi lórí bébà tó fọwọ́ sí.

Oṣù kọkànlá ọdún 1961 ni Epstein kọ́kọ́ lọ wo àwọn ọ̀dọ́ olórin náà ní Cavern Club. Kò pé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ọlọ́jọ́ fi dé. Àsìkò kúkúrú yìí ni kò jẹ́ kí ìfọwọ́síwèé rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ohun tí kò bá sì pọ̀, owó rẹ̀ kì í wálẹ̀.

Síbẹ̀, ìtàn ìwé àdéhùn méjì fi hàn pé ìfọwọ́síwèé nìkan kọ́ ni ọjà ń wò. Ní ọdún 2008, wọ́n ta ìwé àdéhùn oṣù kẹwàá ọdún 1962 ní gbàǹjo ní London ní pọ́n-ùn 240,000. Ní oṣù keje ọdún 2019, ilé gbàǹjo Sotheby's ta èyí tó ṣáájú rẹ̀, ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, ní pọ́n-ùn 275,000. Epstein fọwọ́ sí ti oṣù kẹwàá. Kò fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ rárá. Àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni pé òun fẹ́ kí àwọn ọmọ náà lè kọ òun sílẹ̀ bí iṣẹ́ òun kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Paul McCartney àti George Harrison kò sì tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà náà, èyí tó fà á tí àwọn bàbá wọn fi fọwọ́ sí ìwé kejì. Ibi tí ọwọ́ Epstein kò dé lórí bébà gan-an ni ìtàn wà.

Ibí yìí ni ẹ̀dùn ọkàn ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí ayé ń du bọ́tìnnì, irun àtọwọ́dá àti àwòrán Beatles ní ọdún 1963 àti 1964, àdéhùn tí ilé iṣẹ́ Epstein ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ Seltaeb fi ìdá 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí ohun ìrántí tó nígbà ayé rẹ̀ ti wá di ohun ìrántí fúnra rẹ̀.

Níbi tí owó bá sì wà, ayédèrú kò ní í jìnnà. Neil Aspinall àti Mal Evans, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà, máa ń bá àwọn olórin yìí fọwọ́ sí àwòrán fún àwọn olólùfẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀, FBI, tú àṣírí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìfọwọ́síwèé nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Bullpen ní àwọn ọdún 1990. Ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó ni ọjà kò tó nǹkan, nítorí ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìfọwọ́síwèé lè ṣe ayédèrú ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú.

Nítorí náà, ọlọgbọ́n olùrà a máa béèrè ọwọ́ ẹni tí bébà náà ti wá, láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Lẹ́tà iṣẹ́ tàbí ìwé àdéhùn, tí ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣeé yẹ̀ wò ju àwòrán tí ó ní orúkọ kan ṣoṣo lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n owó ẹni tó ti sanwó kì í sábà padà.

Ìbéèrè tó kù ju ti owó lọ. Ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Library, ti pàtẹ àwọn orin Beatles tí wọ́n fi ọwọ́ kọ fún gbogbo ènìyàn láti wò. Ìwé tó bá wọ àpótí olówó kan kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, àyàfi bí olówó náà bá fẹ́. Ẹni tó bá ra ìtàn kó sínú ilé ti ra ẹrù iṣẹ́ mọ́ ọn: kí ó pa á mọ́, kí ó má sì fi pamọ́.