Ilẹ̀ Tí A Fi ‘Bẹ́ẹ̀ Ni’ Sọ Lórúkọ

Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni à ń wò kí a tó sọ ilẹ̀ lórúkọ? Ilẹ̀ mìíràn ń jẹ́ orúkọ odò rẹ̀, òmíràn ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ṣùgbọ́n ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, agbègbè kan wà tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀. Languedoc ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘èdè oc’. Níbi tí àwa bá ti wí pé ‘bẹ́ẹ̀ ni’, oc ni tiwọn.

Láti inú hoc, ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ‘èyí’, ni oc ti jáde. Ní àríwá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn, ó di oïl, èyí tí ó padà di oui tí àwọn Faransé ń wí lónìí. Dante, akéwì Ítálì tí ó kú ní 1321, fi ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ya àwọn èdè wọ̀nyí sọ́tọ̀: oc, oïl, àti sì ti ilẹ̀ tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè yẹpẹrẹ ni èdè oc. Kí a tó bí Dante ni àwọn akéwì tí a ń pè ní troubadour ti ń fi í kọrin níwájú àwọn ọba àti ìjòyè. Guilhem, olórí ilẹ̀ Aquitaine, tí a bí ní 1071, ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí orin rẹ̀ ṣẹ́kù títí di òní. Dante pàápàá bu ọlá fún èdè náà: nínú ewì ńlá rẹ̀, ó jẹ́ kí akéwì Arnaut Daniel fi èdè ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní 1323, ọkùnrin méje ní ìlú Toulouse pe àwọn akéwì wá díje, òdòdó tí a fi wúrà ṣe sì ni ẹ̀bùn ẹni tí ó bá borí.

Báwo ni irú èdè bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ohun ìtìjú? Ogun tí ó jà láti 1209 di 1229 fọ́ agbára àwọn ìjòyè gúúsù. Ní 1539, ọba François Kìn-ín-ní pàṣẹ pé èdè Faransé ni kí a máa fi kọ ìwé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù ni pé ọwọ́ àwọn olùkọ́, irú èyí tí àwa náà ń fẹ́ dà, kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ di ti gbogbo ọmọ, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ a máa fi ohun ẹ̀sín kan lé ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́wọ́, títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó jẹ irú ẹ̀bi kan náà mú. Ọmọ di amí lórí ọmọ.

Ọ̀ràn yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti san owó ìtanràn nítorí ‘fẹnákúlà’. Àwọn kan yóò wí pé láìsí ìjìyà, ọmọ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kò kẹ́gàn Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wó ilé nítorí pé ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn? Ọmọ tí a kọ́ láti máa tijú ẹnu ìyá rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi máa tijú ìyá náà.

Òfin kan ní 1951 gba èdè oc láàyè ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ti dẹ́kun láti máa fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Láti 2016, agbègbè ńlá kan níbẹ̀ ń jẹ́ Occitanie, oc kan náà sì ni ó wà nínú orúkọ yìí. Ó rọrùn láti dá orúkọ padà fún ilẹ̀. Dídá èdè padà sí ẹnu ọmọ ni ó ṣòro.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ní ọjọ́ tí a bá dúró níwájú kíláàsì, tí a bi ọmọ kan léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì dáhùn pé ‘bẹ́ẹ̀ ni’, ẹ má ṣe jẹ́ kí a nà án nítorí rẹ̀.