Oríyìn Tọ́ sí Òkété

Ní Ìjù, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, bí a bá dárúkọ òkété, ẹ̀sùn ló máa ń tẹ̀ lé e. Òun ló hú iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, òun ló jẹ ẹ̀gẹ́ nídìí, òun ló kó ẹyìn tó já bọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ kí olóko tó dé. Àgbẹ̀ tó ń ro ẹjọ́ yìí kò parọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ẹnu ẹnìkan. Òkété ti ṣe ohun tí ó yẹ kí a kí i fún ní gbangba, kí a sì kí àwọn ènìyàn tó fojú iyì wò ó.

Ẹ wo bí ó ṣe ń gbé ilé ayé tirẹ̀. Ìdí igi, abẹ́ àpáta tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán ló máa ń gbẹ́ ihò sí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Ibi tó ń sùn wà lọ́tọ̀, àká oúnjẹ wà lọ́tọ̀, ibi ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ti inú fi ewé àti erùpẹ̀ dí ẹnu ihò, ó di ọwọ́ alẹ́ kó tó tún yọjú. Kò ríran jìnnà. Imú ló fi ń mọ̀nà. Ọdẹ tó bá ti tan iná mọ́ ọn lóru mọ bí ó ṣe ń rí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú rọ̀gọ̀dọ̀, ẹyìn ló kó sínú wọn bí ẹni kó ẹrù sápò, ó ń kó o lọ sílé, ìrù gígùn ń wọ́ tẹ̀ lé e, ìdajì dúdú, ìdajì funfun.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá kó ló ń jẹ. Ní igbó Ngel Nyaki ní ìpínlẹ̀ Taraba, àwọn onímọ̀ ti rí i pé òkété máa ń ru èso igi lọ sin káàkiri, èyí tó bá gbàgbé a sì lè hù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá igbó gbin igi, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Imú òkété yẹn ni ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Bart Weetjens, rò pé ó lè gba ẹ̀mí là. Ní 1997 ó dá àjọ APOPO sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Sokoine, ní Morogoro ní ilẹ̀ Tanzania, gbà wọ́n mọ́ra, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn òkété láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí ogun rì mọ́lẹ̀. Olùtọ́jú méjì a na okùn sórí ilẹ̀, wọ́n a so òkété mọ́ ọn, yóò máa lọ yóò máa bọ̀, imú nílẹ̀. Bó bá gbóòórùn ẹ̀tù, a fi èékánná ha ilẹ̀, wọ́n a sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò wúwo tó ohun tí í mú bọ́ǹbù dún. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ìpara pa á létí àti nírù kí oòrùn má baà jó o! Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì kan, ìṣẹ́jú 30 ló fi ń gbọ́ ọ tán. Ẹni tó bá mú ẹ̀rọ dání lè lo ọjọ́ 4 níbẹ̀.

Magawa ni olókìkí wọn. Tanzania ni wọ́n bí i sí, Kàǹbódíà ló ti ṣiṣẹ́, bọ́ǹbù àti ohun abúgbàù tó wá rí lé ní 100. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá; kò sí eku tó gba irú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí Magawa dàgbà ní 2021, wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà kẹ́ ẹ títí tó fi kú ní oṣù Kìíní 2022. A kí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ fún èyí náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ń gbóòórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti mọ ẹni tó ní ikọ́ ìfe: àpẹẹrẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú 20.

Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa níbí, ibà Lásà ti mú kí a máa fi ojú kan náà wo gbogbo eku. Eku kékeré ọlọ́mú púpọ̀ tó ń wọ inú ilé, Mastomys, ni àwọn onímọ̀ mọ̀ mọ́ ibà náà, òkété kọ́. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán kun eku kankan.

Nílé níbí náà, a ní ẹni tí a ó kí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, S. S. Ajayi ti ń sin òkété láti mọ ìwà rẹ̀, ó sì tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 1975, ọdún púpọ̀ ṣáájú APOPO.

Ẹ tún wo bí ibòmíràn ṣe ń yẹ́ ẹranko sí: ní ìlú Punxsutawney ní Amẹ́ríkà, ẹranko inú ihò kan tó jẹ́ ẹ̀yà marmot wà tí ogunlọ́gọ̀ ń pé jọ yẹ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, nítorí wọ́n ní ó ń sọ bí òtútù yóò ṣe pẹ́ tó. Èyí tiwa ti yọ ẹsẹ̀ ọmọdé kúrò lórí bọ́ǹbù, síbẹ̀ orí àtẹ nìkan ni a ti ń wá a.

Òwe ní òkété gbàgbé ìbòsí, ó dórí àtẹ tán ó ń káwọ́ lérí. Àwa ni kí a bá a ké e báyìí. Ẹ̀yin ọdẹ Ìjù àti Ìtaògbólú, a bẹ̀ yín, ẹ yé fi iná sun igbó nítorí ihò kan, ẹ sì jẹ́ kí abo tó lóyún lọ. Ẹ̀yin onímọ̀ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ kò jìnnà sí oko wa: ẹ wá wo àwọn òkété ibí, kí ẹ kọ́ wọn níṣẹ́ tí àwọn ti Morogoro ń ṣe.