Owó Oṣù Àwọn Òǹtajà Iléeṣẹ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Láti ọdún 2020 tí Stripe ti Amẹ́ríkà ti ra Paystack, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, ni iṣẹ́ iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti túbọ̀ ń wọ àwọn ọ̀dọ́ wa lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣí ọ́fíìsì sí ìlú tuntun, yóò nílò àwọn tí yóò máa gbé ẹ̀rọ POS láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ gidi ni.

Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ni ó gba sùúrù. Owó oṣù gan-an lè kéré, kí ó jẹ́ pé èrè orí ọjà tí ènìyàn bá tà ni ó pọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá 10%, ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ dá 8%. Ṣùgbọ́n owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ni ó pọn dandan kí wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ń mú ₦300,000 lọ sílé lè rí i pé orí ₦80,000 péré ni wọ́n ń dá tirẹ̀ lé. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí ó di ₦70,000 ní 2024, tilẹ̀ yọ àwọn iléeṣẹ́ tí ń fi èrè orí títà sanwó fún òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn, ẹ béèrè iye owó oṣù gan-an, ìgbà tí wọ́n ń san èrè, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà bá dá ẹ̀rọ padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.