Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọ̀wọ́n Oúnjẹ Lé Ajá Kúrò Nílé

Ní àkókò àjọ̀dún bí èyí, a máa ń bi ara wa léèrè ohun tí àwa ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́ lè ṣe fún àdúgbò tó tọ́ wa dàgbà. Àwọn kan yóò dárúkọ yàrá ìkàwé, àwọn mìíràn yóò dárúkọ owó ilé ìwé fún ọmọ aláìní. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Èmi fẹ́ fi ohun kan kún un, bí ó tilẹ̀ lè dà bí ẹ̀fẹ̀ létí ẹlòmíràn: kí a ran àwọn ìdílé tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu mọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n lè máa sin ajá àti ológbò wọn lọ.

Kò sí ẹni tó ń gbé ní Festac tàbí ní Amuwo-Odofin tí kò mọ bí nǹkan ti rí láti ọdún 2023. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà, náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ga ju ti ọdún tó ṣáájú. Ìdílé tó ń dín ẹja inú ọbẹ̀ kù kò lè ra oúnjẹ ajá alápò, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti òkè òkun wá. Lọ́dún 2024 yìí kan náà, àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko ní Èkó jẹ́rìí sí i pé àwọn tó ń mú ajá wá fi sílẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó mú ajá lọ síbẹ̀ tilẹ̀ ṣe dáadáa. Ẹlòmíràn a kó kúrò nílé, a sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan yóò sọ: “Ènìyàn ń sùn lébi, ajá ni ìwọ ń sọ.” Ọ̀rọ̀ náà wúwo, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ilé ìwé Kristẹni ni tiwa. Ẹ jẹ́ kí a wo Ìwé Mímọ́. Nígbà tí wòlíì Nátánì fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì hàn án, nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 12, ìtàn tálákà kan ló sọ, ẹni tí kò ní ju abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo lọ. Àgùntàn náà bá àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, ó ń bá a jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, bí ọmọ ni ó sì rí sí i. Nátánì kò bi tálákà náà pé kí ló ń fi ẹran ọ̀sìn ṣe nígbà tí kò lówó. Àìní kò sọ ìfẹ́ ọkùnrin yẹn di àṣejù. Ọlọ́rọ̀ ló gba àgùntàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, ọ̀wọ́n ọjà ló ń gba ajá lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Ọkàn ọmọ tó ń wo ajá rẹ̀ bí wọ́n ti ń mú un lọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìwé Òwe orí 12 sì kọ́ wa pé ara ìwà olódodo ni kí ó máa bìkítà fún ẹ̀mí ẹran rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àánú kò bá tó, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ààbò. Ajá tí a lé síta kì í parẹ́. Yóò máa jẹun lórí ààtàn, yóò máa bímọ lẹ́bàá gọ́tà, kò sì sí ẹni tí yóò gún un ní abẹ́rẹ́ mọ́. Àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún ní ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láti ẹnu ajá ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú ewu yìí. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá gún ajá 7 nínú 10 ní àdúgbò kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́. Ajá tó ní olúwa la sì rọrùn láti gún. Nítorí náà, ẹni tó ran ìdílé kan lọ́wọ́ láti di ajá rẹ̀ mú, gbogbo ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé ní àdúgbò náà ló ràn lọ́wọ́. Ti ológbò náà kò yàtọ̀: níbi tí kò bá sí, èkúté ní ń jọba, a sì mọ ohun tí èkúté ń kó wọlé.

Àwọn baba wa pàápàá kò fojú kékeré wo ajá nígbà ìyàn. A gbọ́ nínú àlọ́ pé nígbà tí ìyàn mú, tí gbogbo ẹranko ń pa ìyá wọn jẹ, ajá nìkan ló gbé tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìgbà ìyàn la ń mọ ẹni tí kì í fi ará ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni a ó wá ṣe? Èkínní, àwọn tó jẹ́ dókítà ẹranko nínú wa lè yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún, nítòsí ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìgbógunti dìgbòlugi, kí ẹgbẹ́ wa sì ra oògùn abẹ́rẹ́ náà. Kí wọ́n tún bá ẹni tó bá fẹ́ tẹ akọ ajá rẹ̀ lọ́dàá ní ẹ̀dínwó. Èkejì, kí a kọ́ ìdílé pé ajá kò di dandan kí ó jẹ oúnjẹ alápò. Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì tí a fi ẹja wẹ́wẹ́ tàbí ìfun ẹran sè, tí kò ní àlùbọ́sà àti ata, yóò gbé e ró títí nǹkan yóò fi rọ̀. Ẹ má fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí ó lè gún un nínú. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tó ní àyè gba ajá tọ́jú fún oṣù mélòó kan bí onílé bá lé ìdílé kan tàbí bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ìtìjú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé lé ajá wọn lóru dípò kí wọ́n tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ fún ajá. Ìdílé tí kò bá lè sin ín mọ́ rárá, kí ó fi lé ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ojú títì la ó jù ú sí. Ẹni tí kò sì ní àyè, kí ó má ṣe lọ ra ajá òyìnbó nítorí àṣehàn.

Bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ìdílé náà bẹ́ẹ̀: bí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn, yóò la ìgbà ọ̀wọ́n já láìpàdánù ohun tó fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé kan ṣoṣo. Ẹ kú àjọ̀dún o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.